Alájì kì í jẹ oúnjẹ tí kò mọ̀, ọmọ wa sì fẹ́ kó wa lọ sílé oúnjẹ Afghanístàn òun Mẹ́ksíkò

Ìyá Rọ́fíà (Tákíé, Ògbómọ̀ṣọ́)
Ọjọ́ Ajé, 6:40 àárọ̀

Ẹ̀yin ará ilé, ẹ kú àárọ̀ o. Mo fẹ́ kí ẹ gbà mí nímọ̀ràn, torí ìrìnàjò wa ti súnmọ́lé. Rọ́fíà ọmọ wa fẹ́ gba oyè másítà ní Kalifọ́níà, èmi àti bàbá rẹ̀ la jọ ń lọ. Físà ti jáde, a ti ra tíkẹ́ẹ̀tì. Ọ̀rọ̀ oúnjẹ ló kù.

Rọ́fíà ní ilé oúnjẹ kan wà lẹ́bàá ilé òun, pé ibẹ̀ lòun, àwọn ọ̀rẹ́ òun àti ọ̀jọ̀gbọ́n tó kọ́ òun fẹ́ kó wa lọ lọ́jọ́ tí wọ́n bá gbé ìwé ẹ̀rí fún un. Ọmọ Afghanístàn ló ni ibẹ̀, ọmọ Mẹ́ksíkò nìyàwó rẹ̀, wọ́n wá ń se oúnjẹ ìlú méjèèjì pọ̀. Ó fi àwòrán ránṣẹ́. Mo rí ìrẹsì tí wọ́n da kárọ́ọ̀tì àti èso àjàrà gbígbẹ lé lórí, mo rí ẹran sísun tí wọ́n fi nǹkan pẹlẹbẹ kan wé, mo rí ọbẹ̀ aláwọ̀ ewé kan tí n kò mọ ohun tí wọ́n fi sè é.

Àwọn tó mọ Alájì wa mọ̀ pé ọkà ni oúnjẹ rẹ̀, ẹ̀kọ tẹ̀lé e, ìrẹsì díẹ̀ lọ́jọ́ ọdún. Ó tún ní ìtọ̀ ṣúgà. Níbi ìgbéyàwó ọmọ àbúrò mi kan ní Èkó, oúnjẹ tí wọ́n gbé síwájú rẹ̀ ò yé e, omi lásán ló mu láti ọ̀sán títí a fi délé, àwọn àna sì ń wò ó. N kò fẹ́ kí èyí ṣẹlẹ̀ níwájú ọ̀jọ̀gbọ́n ọmọ mi. Ọmọ yìí ti jìyà kó tó dé ibi tó dé, inú rẹ̀ sì ń dùn pé òun fẹ́ fún bàbá òun lóúnjẹ.

Kí ni Alájì lè jẹ níbẹ̀? Ṣé hàláálì ni? Ṣé ata rẹ̀ pọ̀? Àbí kí n di oúnjẹ láti ilé?

---

Ajílété ní Fremont
Ọjọ́ Ajé, 8:15 àárọ̀

Ìyá Rọ́fíà, ẹ kú oríire ọmọ o. Ọmọ Ìjẹrù ni mí, Fremont ní Kalifọ́níà ni mo ń gbé. Àwọn ọmọ Afghanístàn pọ̀ ní ìlú yìí débi pé Little Kabul ni wọ́n ń pe apá kan rẹ̀. Púpọ̀ nínú wọn bẹ̀rẹ̀ sí í dé lẹ́yìn tí àwọn ọmọ ogun Soviet wọ ìlú wọn lọ́dún 1979. Ní ti àwọn ọmọ Mẹ́ksíkò, abẹ́ Mẹ́ksíkò ni Kalifọ́níà fúnra rẹ̀ wà títí di 1848. Ẹ má jẹ́ kó yà yín lẹ́nu pé wọ́n jọ ń dáná pọ̀ níbí. Ewé kọriáńdà, kúmínì, ẹran sísun àti búrẹ́dì pẹlẹbẹ wà ní ìdáná méjèèjì tipẹ́.

Irú ilé oúnjẹ bẹ́ẹ̀ kì í ṣe ibi tí èèyàn ń wọ agbádá lọ. Ẹ óò dúró níwájú káúńtà, ẹ óò wo oúnjẹ tí wọ́n kọ sára ògiri, ẹ óò sọ ohun tí ẹ fẹ́, ẹ óò sanwó, wọ́n á fún yín ní nọ́ńbà, ẹ óò lọ jókòó. Wọ́n á gbé e wá bá yín. Ohunkóhun tí ẹ kò bá fẹ́ nínú oúnjẹ, ẹ sọ pé kí wọ́n yọ ọ́, kì í bí wọn nínú rárá.

Ìrẹsì tí ẹ rí nínú àwòrán yẹn, kabuli pulao ni. Òun ni olórí oúnjẹ Afghanístàn. Omi ẹran ni wọ́n fi ń sè é, ẹran àgùntàn ló sábà máa ń wà lábẹ́ rẹ̀, ó rọ̀, kò ní ata. Ẹran pẹlẹbẹ tí wọ́n lọ̀ tí wọ́n dín, chapli kebab ni: ẹran màlúù, àlùbọ́sà, kóró kọriáńdà tí wọ́n rún. Bolani ni ìyẹ̀fun tí wọ́n tẹ́ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́, tí wọ́n fi ànàmọ́ òyìnbó tàbí ewé àlùbọ́sà sí nínú, tí wọ́n wá ká a dín. Mantu ni ìyẹ̀fun kéékèèké tí wọ́n di, ẹran lílọ̀ ló wà nínú rẹ̀, ooru omi híhó ni wọ́n fi ń sè é, wọ́n á wá da yógọ́ọ̀tì àti ọbẹ̀ tòmátò lé e. Yógọ́ọ̀tì yẹn ni mo rò pé Alájì lè máà fẹ́. Ẹ ní kí wọ́n gbé e sí ẹ̀gbẹ́.

Ní apá Mẹ́ksíkò, taco ni tortilla kékeré, ìyẹn búrẹ́dì pẹlẹbẹ wọn tó fẹ́lẹ́, tí wọ́n fi ẹran sí. Burrito tóbi, ìyẹ̀fun àlìkámà ni wọ́n fi ṣe tortilla rẹ̀, wọ́n á fi ìrẹsì, ẹ̀wà àti ẹran sínú rẹ̀, wọ́n á wé e. Ibi tí wọ́n ti pa á pọ̀ ni pé wọ́n lè fi kebab sínú taco, wọ́n lè fi wàrà sínú bolani, ọbẹ̀ kọriáńdà aláwọ̀ ewé tí ẹ rí yẹn ni wọ́n sì ń lò dípò salsa, ọbẹ̀ tòmátò àti ata ti àwọn ará Mẹ́ksíkò.

Ti Alájì: kabuli pulao, chapli kebab méjì, náànì, ìyẹn búrẹ́dì pẹlẹbẹ wọn, lẹ́gbẹ̀ẹ́. Ẹ má fi àlàyé yọ ọ́ lẹ́nu. Ẹ sọ fún un pé ìrẹsì àti ẹran ni.

---

Ọmọ Sábó
Ọjọ́ Ajé, 8:52 àárọ̀

Ìyá, ẹ má da ara yín láàmú. Lárúbáwá ni àwọn ará Afghanístàn, hàláálì ni gbogbo oúnjẹ wọn, kò sí ohun tí ẹ fẹ́ béèrè. Ẹ bá Alájì di èlùbọ́ àti kílíṣí sínú báàgì. Kí ẹ tó jáde nílé Rọ́fíà, ẹ rokà fún un, kó jẹun yó, tó bá dé ilé oúnjẹ yẹn, kó mu tíì kó máa kí wọn. Àgbàlagbà ni, ta ló fẹ́ fi ipá mú un?

---

Àfáà Ìsàlẹ̀
Ọjọ́ Ajé, 10:03 àárọ̀

Salaam alaykum. Ọmọ Sábó, àwọn ará Afghanístàn kì í ṣe Lárúbáwá. Dari àti Pashto ni wọ́n ń sọ jù. Mùsùlùmí ni púpọ̀ wọn, ìyẹn fi ọkàn ẹni balẹ̀, ṣùgbọ́n Ìyá Rọ́fíà, ẹ béèrè.

Apá Mẹ́ksíkò lẹ ti fẹ́ ṣọ́ra. Ẹran ẹlẹ́dẹ̀ ni carnitas. Ẹlẹ́dẹ̀ ló sábà máa ń wà nínú chorizo, sọ́séèjì wọn, náà. Èyí tí wọ́n ń pè ní al pastor, tí wọ́n ń yí lórí irin tí iná ń jó o, àwọn ará Lẹ́bánónì tó ṣí lọ sí Mẹ́ksíkò ló mú ọ̀nà sísun yẹn débẹ̀, ẹran àgùntàn ni wọ́n fi ń ṣe ṣáwámà nílé tiwọn, ṣùgbọ́n ní Mẹ́ksíkò ẹlẹ́dẹ̀ ni wọ́n wá ń lò.

Ohun tí àwọn Mùsùlùmí kì í fura sí ni ọ̀rá. Ẹ̀wà tí wọ́n sè, tí wọ́n tẹ̀, tí wọ́n tún dín, ọ̀rá ẹlẹ́dẹ̀ ni wọ́n sábà fi ń dín in ní ìlànà àtijọ́. Tortilla àlìkámà náà, ọ̀rá yẹn lè wà nínú rẹ̀. Tamal, ìyẹ̀fun àgbàdo tí wọ́n fi ewé wé sè, bẹ́ẹ̀. Tortilla àgbàdo kì í ní ọ̀rá, àgbàdo tí wọ́n fi omi òkúta ẹfun sísun sè ni wọ́n ń lọ̀.

Kí Rọ́fíà pè wọ́n lórí fóònù ṣáájú ọjọ́ náà, kó bi wọ́n bóyá ẹran hàláálì ni wọ́n ń rà, bóyá ẹlẹ́dẹ̀ wọ ilé ìdáná wọn rárá, àti irú ọ̀rá tó wà nínú ẹ̀wà àti tortilla wọn. Tí wọ́n bá ń ta ọtí níbẹ̀, kó jẹ́ kí Alájì mọ̀ kí wọ́n tó débẹ̀, kó má jẹ́ pé orí ìjókòó ni yóò ti rí ìgò.

---

Ajílété ní Fremont
Ọjọ́ Ajé, 10:40 àárọ̀

Àfáà, ẹ ṣeun, òótọ́ ni ti ọ̀rá. Ohun tí mo fẹ́ fi kún un ni pé níbi tí ọmọ Afghanístàn bá ti ni ilé oúnjẹ, epo ni wọ́n sábà ń lò nínú ẹ̀wà, adìyẹ àti màlúù ni wọ́n sì fi ń dípò carnitas. Ìdí nìyẹn tí àwọn Mùsùlùmí tó fẹ́ràn taco fi ń lọ síbẹ̀. Síbẹ̀ kí Rọ́fíà pè wọ́n. Kó tún béèrè bóyá orí irin kan náà ni wọ́n ti ń dín gbogbo ẹran.

Ọmọ Sábó, kílíṣí ò lè wọ Amẹ́ríkà. Wọn kì í gba ẹran wọlé láti ilẹ̀ wa, ì báà gbẹ bí igi. Àwọn kọ́sítọ́ọ̀mù á gbà á, tí èèyàn ò bá sì kọ ọ́ sínú fọ́ọ̀mù pé oúnjẹ wà lọ́wọ́ òun, wọ́n lè bu owó ìtanràn lé e. Èlùbọ́ lè kọjá tó bá jẹ́ pé ẹ sọ ọ́ fún wọn, kí ẹ sì dì í mọ́ tónítóní.

---

Nọ́ọ̀sì Àgbà
Ọjọ́ Ajé, 1:20 ọ̀sán

Ìyá Rọ́fíà, ẹ jọ̀wọ́, ẹ ka tèmi dáadáa. Ọ̀rọ̀ pé Alájì mu omi lásán láti ọ̀sán di alẹ́, ìyẹn ló já mi láyà jù nínú gbogbo ohun tí ẹ kọ. Àwọn oògùn ṣúgà kan wà tó jẹ́ pé tí aláìsàn bá lò ó tí kò jẹun, ṣúgà ara rẹ̀ á já wálẹ̀. Ara rẹ̀ á máa gbọ̀n, á máa làágùn, ojú rẹ̀ á ṣú, ó lè dákú. Kì í ṣe gbogbo oògùn ló ń ṣe bẹ́ẹ̀. Ẹ mú káàdì rẹ̀ àti oògùn rẹ̀ lọ bá dókítà tó ń tọ́jú rẹ̀ kí ẹ tó rìnrìn àjò, ẹ bi í bóyá tirẹ̀ wà lára wọn. Ẹ tún bi í nípa àkókò lílò rẹ̀, torí wákàtí 8 ni Kalifọ́níà fi wà lẹ́yìn wa ní oṣù karùn-ún àti oṣù kẹfà tí wọ́n sábà máa ń ṣe ayẹyẹ yẹn. Nígbà tí agogo ọ̀sán bá lù níbẹ̀, alẹ́ ti lẹ́ lára Alájì.

Ìmọ̀ràn Ọmọ Sábó pé kó jẹun yó nílé, tí kì í bá ṣe ti ṣúgà ni, n kò ní bá a jà. Ṣùgbọ́n ayẹyẹ ìkẹ́kọ̀ọ́jáde máa ń gùn. Wọ́n lè jókòó sínú oòrùn fún wákàtí mẹ́ta kí wọ́n tó dé ilé oúnjẹ. Ọkà àárọ̀ á ti lọ. Ẹ fi ẹ̀pà àti omi sínú báàgì yín, kí ẹ sì fi súìtì díẹ̀ sí àpò bí ara rẹ̀ bá ṣàdédé rọ̀.

Ajílété, kabuli pulao tí ẹ ní kó jẹ yẹn, ìrẹsì funfun ni, èso àjàrà gbígbẹ wà lórí rẹ̀, àwọn alásè kan tún máa ń fi ṣúgà yí kárọ́ọ̀tì rẹ̀. Náànì lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ tún ńkọ́? Ó pọ̀ jù fún un. Kó bu ìrẹsì tó tó ẹ̀kúnwọ́ kan, kó fi kebab àti ewébẹ̀ tútù kún àwo. Kí náànì dúró. Àwọn ilé oúnjẹ Mẹ́ksíkò sábà máa ń gbé àgbàdo dídín àti salsa síwájú èèyàn kí oúnjẹ tó dé, ọwọ́ á kàn máa lọ síbẹ̀, kó jẹ díẹ̀ kó gbé e sún. Ti mímu: horchata, omi ìrẹsì tó ní ṣúgà púpọ̀ ni, kó máà mu ún. Tíì aláwọ̀ ewé tí àwọn ará Afghanístàn ń sè pẹ̀lú cardamom, kóró olóòórùn dídùn kan, láìsí ṣúgà, ló yẹ ẹ́.

---

Olùkọ́ Àgírìkì
Ọjọ́ Ajé, 4:05 ìrọ̀lẹ́

Gbogbo yín ti sọ̀rọ̀ dáadáa. Ojú tí Alájì fi ń wo oúnjẹ náà ni mo fẹ́ bá yín sọ̀rọ̀ lé lórí. Ẹ sọ fún un pé oúnjẹ àwọn tó fún wa ní ẹ̀kọ ló fẹ́ lọ jẹ.

Àgbàdo tí a ń lò níbí, ilẹ̀ Mẹ́ksíkò ni wọ́n ti kọ́kọ́ gbìn ín. Koríko ìgbẹ́ kan ni, àwọn ará ibẹ̀ ló tọ́jú rẹ̀ títí ó fi di àgbàdo ní nǹkan bí 9,000 ọdún sẹ́yìn. Ó di ẹ̀yìn 1492 tí ọkọ̀ òyìnbó rékọjá òkun kó tó dé Áfíríkà. Ata àti tòmátò náà, ilẹ̀ Amẹ́ríkà ni wọ́n ti wá. Píà bẹ́ẹ̀. Ẹ wá ronú sí oríkì wa: Ògbómọ̀ṣọ́ Ajílété, ibi tí wọ́n gbé ń jẹ̀kà kí wọ́n tó mùkọ yangan. Yangan yẹn, ìbátan tortilla ni. Àwa rẹ àgbàdo wa, ó kan, a lọ̀ ọ́, a sẹ́ ẹ. Àwọn fi omi ẹfun sè é kí èèpo rẹ̀ lè bó, wọ́n lọ̀ ọ́ láìjẹ́ kó kan. Omi ẹfun yẹn ló ń jẹ́ kí ara rí fítámì B3 tó wà nínú àgbàdo lò. Nígbà tí àgbàdo dé ilẹ̀ àwọn òyìnbó láìsí omi ẹfun, àwọn tálákà tí kò rí nǹkan mìíràn jẹ bẹ̀rẹ̀ sí í ṣàìsàn pellagra. Ní Ítálì àti ní apá gúúsù orílẹ̀-èdè Amẹ́ríkà, ó pa èèyàn púpọ̀.

Ní ti ata: ata rodo wa àti habanero wọn, ọmọ ìyá kan náà ni, Capsicum chinense. Jalapeño, ata Mẹ́ksíkò mìíràn, kò ta tó bẹ́ẹ̀ rárá. Bí wọ́n bá fi Scoville, òṣùwọ̀n bí ata ṣe ń ta tó, wọ̀n ọ́n, jalapeño wà láàárín 2,500 sí 8,000, habanero á kọjá 100,000. Ata tó ń ba àwọn ọmọ Amẹ́ríkà lẹ́rù kò ní ṣe Alájì ní nǹkan kan.

---

Ìyá Alásè Under G
Ọjọ́ Ajé, 7:30 alẹ́

Olùkọ́, ẹ kú iṣẹ́, mo gbádùn rẹ̀. Ṣùgbọ́n ìtàn ò lè mú kí àgbàlagbà jẹ ohun tí ahọ́n rẹ̀ ò mọ̀. Mo ti ń se oúnjẹ fún àwọn èèyàn nítòsí LAUTECH, yunifásítì Ògbómọ̀ṣọ́, tipẹ́, àwọn ọmọ tó wá láti oríṣiríṣi ìlú sì ń jẹun lọ́dọ̀ mi. Tí ahọ́n bá ti pàdé nǹkan nílé, kò ní sá fún un níta. Ìyá Rọ́fíà, ẹ sè é fún un nílé kí ẹ tó lọ. Gbogbo rẹ̀ wà lọ́jà wa.

Ẹ bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú bolani. Ìyẹ̀fun, iyọ̀, omi àti epo díẹ̀, ẹ pò ó kó rọ̀, ẹ bò ó fún bí ìṣẹ́jú 30. Ẹ se ànàmọ́ òyìnbó, ẹ tẹ̀ ẹ́, ẹ gé àlùbọ́sà eléwé sí i, ata rodo kan tí ẹ ti yọ kóró rẹ̀, iyọ̀. Ẹ na ìyẹ̀fun náà kó fẹ́lẹ́, ẹ fi ànàmọ́ yẹn sí ìdajì rẹ̀, ẹ ká ìdajì kejì lé e, ẹ tẹ etí rẹ̀ pa. Epo díẹ̀ nínú páànù, iná má pọ̀. Ẹ gbé e fún Alájì nígbà tó ṣì gbóná. Tí ẹ bá fẹ́ rí ibi tí Mẹ́ksíkò ti bá a pàdé, ẹ ra wàrà lọ́wọ́ àwọn ìyá Fúlàní, ẹ rún un mọ́ ànàmọ́ náà. Kò ní yọ́ bíi ti òyìnbó, ṣùgbọ́n ó máa ń dùn.

Chapli kebab: ẹ jẹ́ kí alápatà lọ ẹran màlúù tó ní ọ̀rá díẹ̀. Àlùbọ́sà gígé tí ẹ ti fún omi rẹ̀ dànù, tòmátò gígé, kóró kọriáńdà tí ẹ rún ṣùgbọ́n tí kò kúnná, kúmínì, ata, iyọ̀, ẹyin kan, ìyẹ̀fun àgbàdo bíi ṣíbí méjì kó lè di ara rẹ̀ mú. Olùkọ́, ẹ ò rí i, àgbàdo ti wọ inú oúnjẹ Afghanístàn náà. Ẹ tẹ̀ ẹ́ fẹ̀ lọ́wọ́, ẹ dín in.

Salsa ni kí ẹ ṣe sí ẹ̀gbẹ́: tòmátò, àlùbọ́sà, ata rodo, ẹ gé gbogbo rẹ̀ wẹ́wẹ́, ẹ fún ọsàn wẹ́wẹ́ sí i. Kò ní rí iná o. Ibẹ̀ ni Alájì lè ti janpata, torí a kì í jẹ ata tútù báyẹn. Tí ẹ kò bá rí ewé kọriáńdà, ẹ fi efinrin díẹ̀ sí i.

---

Ajílété ní Fremont
Ọjọ́ Ajé, 7:58 alẹ́

Ìyá Alásè, gbogbo rẹ̀ dára, efinrin nìkan ni n kò fara mọ́. Òórùn efinrin àti ti kọriáńdà jìnnà síra. Bí Alájì bá fi efinrin mọ ọbẹ̀ yẹn nílé, tó wá bá kọriáńdà pàdé níbí, á ní wọ́n ti yí i padà. Ẹ kúkú fi í sílẹ̀ láìfi ewé kankan sí i. Kọriáńdà wà nínú oúnjẹ méjèèjì níbí, ó wà nínú ọbẹ̀ aláwọ̀ ewé ti Afghanístàn pẹ̀lú ata tútù, aáyù àti fínígà, ó wà lórí taco. Àwọn kan wà tí ìtọ́wò rẹ̀ dà bí ọṣẹ lẹ́nu wọn, ó wà nínú ẹ̀jẹ̀ wọn bẹ́ẹ̀. Ó yẹ kí ẹ mọ̀ kí ẹ tó débí bóyá Alájì wà lára wọn.

---

Olùkọ́ Àgírìkì
Ọjọ́ Ajé, 8:21 alẹ́

Kóró kọriáńdà tí wọ́n ń tà lọ́dọ̀ àwọn Hausa ní Sábó, ẹ gbìn ín. Ẹ fọ́ èèpo kóró náà sí méjì, ẹ rẹ ẹ́ mọ́jú, ẹ gbé e sábẹ́ ìbòòji. Tí oòrùn wa bá pa á, á yára yọ òdòdó, ewé rẹ̀ á sì di tín-ín-rín. Bí oṣù kan àti díẹ̀ ni ewé tó ṣeé já á ti wà.

---

Bọ̀dé Àríjẹ
Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 9:10 àárọ̀

Ẹ kú àárọ̀ o, ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n àti ìyá wa. Ọ̀rọ̀ owó ni tèmi. Iye tí ẹ bá rí lára ògiri kọ́ ni iye tí ẹ óò san. Wọ́n á fi owó orí kún un, ti Kalifọ́níà kì í dín sí 7.25 nínú ọgọ́rùn-ún. Lẹ́yìn náà wọ́n á yí ojú kọ̀ǹpútà kékeré kan sí yín pé kí ẹ yan owó ọwọ́ fún àwọn òṣìṣẹ́. Níbi tí wọ́n bá ti ń gbé oúnjẹ wá bá èèyàn lórí ìjókòó látìbẹ̀rẹ̀ dópin, 15 sí 20 nínú ọgọ́rùn-ún ni àwọn èèyàn ń san. Níbi káúńtà, kò pọn dandan tó bẹ́ẹ̀, ẹ lè san díẹ̀.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá Rọ́fíà sọ̀rọ̀ ṣáájú lórí ẹni tó máa sanwó. Tí ọ̀jọ̀gbọ́n yẹn bá ní kí kálukú san tirẹ̀, kì í ṣe àrífín lọ́dọ̀ wọn. Ṣùgbọ́n Alájì lè gbà á sí àrífín.

---

Ọmọ Sábó
Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 9:34 àárọ̀

Alájì tí mo mọ̀ kò ní gbà kí àlejò san owó oúnjẹ níwájú òun. Kí Ìyá Rọ́fíà yọ owó náà fún Rọ́fíà ní kọ́lọ́fín, kí ọmọ lọ san gbogbo rẹ̀ níbi káúńtà kí wọ́n tó jókòó. Kí ó sọ fún ọ̀jọ̀gbọ́n pé bàbá òun ló ṣe wọ́n lálejò.

Ẹ sì jẹ́ kó fi ọwọ́ jẹ ẹ́. Ṣé ọwọ́ ni wọ́n fi ń jẹ taco ni àbí fọ́ọ̀kì?

---

Ajílété ní Fremont
Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 10:02 àárọ̀

Ọwọ́ ni. Ọwọ́ ọ̀tún ni àwọn ará Afghanístàn náà fi ń jẹ pulao nílé wọn, wọ́n á tẹ́ aṣọ sílẹ̀, wọ́n á jókòó yí i ká. Kò sẹ́ni tó máa wo Alájì láwòfín. Kó fọ ọwọ́ rẹ̀, kó jẹun. Ti owó tí Ọmọ Sábó sọ yẹn, mo fara mọ́ ọn pátápátá.

---

Ìyá Rọ́fíà (Tákíé, Ògbómọ̀ṣọ́)
Ọjọ́ Ẹtì, 8:45 alẹ́

Ẹ̀yin ará ilé, Ọlọ́run á tọ́jú gbogbo yín.

A lọ rí dókítà. Oògùn Alájì wà lára èyí tí Nọ́ọ̀sì Àgbà sọ. Dókítà ti kọ bó ṣe máa lò ó lọ́nà sílẹ̀, ó sì bá Alájì wí lórí àìjẹun. Nọ́ọ̀sì, ẹ ṣeun púpọ̀ púpọ̀.

Rọ́fíà ti pe ilé oúnjẹ náà. Hàláálì ni gbogbo ẹran wọn, ẹlẹ́dẹ̀ ò wọbẹ̀, epo ewébẹ̀ ni wọ́n fi ń dín ẹ̀wà, wọn kì í ta ọtí.

Mo dín bolani lánàá. Mo gbé e síwájú Alájì, mo ní ànàmọ́ òyìnbó ni. Ó jẹ ẹ́, ó ní kí n bu òmíràn wá. Kebab náà, ó jẹ ẹ́, ó ní ó yẹ kí ata rẹ̀ pọ̀ ju bẹ́ẹ̀ lọ. Salsa ni kò gbà, ó ní ata tí kò tíì rí iná, kí n lọ sè é. Ìyá Alásè, ẹ mọ ọkùnrin náà bí ẹni pé ẹ bá a gbélé. Olùkọ́, mo ka ọ̀rọ̀ yín nípa yangan sí i létí. Ó dákẹ́ fún ìgbà díẹ̀, ó ní àwọn ará Mẹ́ksíkò gbìyànjú.

Nǹkan méjì ló kù. Ṣé wọ́n lè bá a gbé salsa gbígbóná wá? Rọ́fíà tún ní wọ́n ní ohun mímu aláìgbóná méjì, ọ̀kan funfun, ọ̀kan pupa. Èwo ni Alájì lè mu?

---

Ajílété ní Fremont
Ọjọ́ Ẹtì, 9:20 alẹ́

Inú mi dùn gan-an, Ìyá. Àwọn ará Mẹ́ksíkò ní salsa tí wọ́n ń yan tòmátò àti ata rẹ̀ lórí iná kí wọ́n tó lọ̀ ọ́, salsa roja ni kí Rọ́fíà béèrè, kó ní kí wọ́n fi èyí tó ní habanero sí i. Á bá Alájì lára mu.

Èyí tó funfun, doogh nìyẹn, yógọ́ọ̀tì tí wọ́n pò mọ́ omi, iyọ̀ àti ewé míǹtì. Ó kan lẹ́nu, ó ní iyọ̀. Tó bá fẹ́ràn nọ́nọ̀, kó tọ́ ọ wò. Pupa yẹn, agua de jamaica ni, ìṣápá pupa tí a fi ń ṣe sóbò gan-an ni.

---

Nọ́ọ̀sì Àgbà
Ọjọ́ Ẹtì, 9:41 alẹ́

Ṣúgà máa ń pọ̀ nínú ti pupa yẹn, àwọn ilé oúnjẹ máa ń pò ó sílẹ̀ ni, wọn kò lè yọ ṣúgà rẹ̀ mọ́. Kó mu tíì. Doogh náà, tí ẹ̀jẹ̀ ríru bá wà lára rẹ̀, kó máà mu tán nítorí iyọ̀. Ìyá Rọ́fíà, ẹ ní kí Rọ́fíà gba tábìlì sílẹ̀ ṣáájú ọjọ́ náà, torí àwọn ilé oúnjẹ ìtòsí yunifásítì máa ń kún bámúbámú lọ́jọ́ ìkẹ́kọ̀ọ́jáde, kò sì yẹ kí Alájì dúró lórí ìlà pẹ̀lú oògùn yẹn lára.